Wíkì wo ló yẹ iṣẹ́ sọ́fítíwíà yín? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ẹni tó bá fẹ́ dá wíkì, ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn lè tún ojú-ewé rẹ̀ kọ, sílẹ̀ fún iṣẹ́ sọ́fítíwíà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ: ṣé MediaWiki ni, àbí DokuWiki, àbí èyí tí GitHub, ibùdó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó kóòdù wọn sí, ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè yẹn ní àyè tirẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ta ni ẹ fẹ́ kó lè yí ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé padà láìkọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ohun tí onítọ̀hún bá yí padà? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fi wọn gbogbo ohun tí mo fi wéra nísàlẹ̀ yìí. Mo ti rí wíkì tí sọ́fítíwíà rẹ̀ péye tó sì dahoro láàárín ọdún kan, mo sì ti rí èyí tí ojú rẹ̀ kò dára rárá tí àwọn ènìyàn ń kà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń bójú tó o ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Nígbà tí Ward Cunningham ṣí wíkì àkọ́kọ́, WikiWikiWeb, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1995, ìdáhùn tirẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Inú èdè Hawaii ló ti mú orúkọ náà. Wiki wiki ni wọ́n ń pe kíákíá níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi pé èdè tiwọn náà máa ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi ìyára hàn, bí tiwa. Àwọn tó ń kọ kóòdù ni Cunningham dá a sílẹ̀ fún, kí wọ́n lè jọ kọ ọgbọ́n iṣẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí náà inú iṣẹ́ sọ́fítíwíà gan-an ni wíkì ti ṣẹ̀ wá, kí àwọn ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò tó wá gbà á lò.

Ìmọ̀ àwọn tó kọ ọ́, ìmọ̀ àwọn tó ń lò ó

Oríṣi ìmọ̀ méjì ló máa ń yí sọ́fítíwíà ká. Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ àwọn tó kọ ọ́: ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ohun tó yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ìlànà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé kó tó fi kóòdù tuntun kún un. Èkejì ni ìmọ̀ àwọn tó ń lò ó: bó ṣe ń ṣe lórí irú ẹ̀rọ kan, wàhálà tó yọjú nígbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ sọ́fítíwíà mìíràn, àti ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Àwọn tó ń kọ kóòdù kò lè ní ìmọ̀ kejì yìí tán láé, nítorí pé kì í ṣe orí ẹ̀rọ tiwọn ni wàhálà náà ti ṣẹlẹ̀.

ArchWiki, wíkì àwọn tó ń lo Arch Linux (oríṣi kan lára Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí fún ìmọ̀ kejì. Orí MediaWiki ló wà, àwọn òǹlò fúnra wọn ló ń kọ ọ́, àwọn tó ń lo oríṣi Linux mìíràn sì máa ń lọ kà á nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí káàdì ohùn bá kọ̀ fún wọn láti ṣiṣẹ́. Fún ìmọ̀ àkọ́kọ́, ẹ wo Blender, sọ́fítíwíà fún yíya àwòrán 3D. Ní ọdún 2024 ló kó ìwé àwọn tó ń kọ kóòdù rẹ̀ kúrò lórí MediaWiki bọ́ sínú àwọn fáìlì Markdown (ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àmì díẹ̀) tí wọ́n ń fi Git, ohun èlò tó ń pa ìtàn àtúnṣe fáìlì mọ́, tọ́jú. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú méjèèjì. Àwọn tó ní ìmọ̀ tí ArchWiki ń wá pọ̀ níye, wọn kò sì mọ ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọ kóòdù Blender ló ní ìmọ̀ tí ìwé yẹn nílò, àwọn yẹn sì ti ń lo Git lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí iṣẹ́ yín bá nílò ìmọ̀ méjèèjì, bó ṣe sábà máa ń rí, ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí ìwé ìtọ́sọ́nà tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an wà pẹ̀lú kóòdù, kí ìrírí àwọn òǹlò sì wà nínú wíkì tó ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ibi méjì túmọ̀ sí ìtọ́jú méjì. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ déédéé láàárín yín kò bá tó márùn-ún, ẹ yan ibì kan ṣoṣo, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ojú-ewé tó ṣí sílẹ̀ àti ìwé tí a ń yẹ̀ wò kó tó wọlé

Ẹ jẹ́ ká fi àtúnṣe kan ṣoṣo dán ọ̀nà méjèèjì wò. Òǹkàwé kan rí i pé orúkọ fáìlì kan nínú ìtọ́sọ́nà kò tọ̀nà mọ́. Nínú wíkì, yóò tẹ bọ́tìnì àtúnṣe, yóò pa orúkọ náà dà, yóò sì fi pamọ́. Ìṣẹ́jú kan tó fún un, ẹni tó bá kà á tẹ̀lé e yóò sì bá èyí tó tọ̀nà. Nínú ìwé tó wà pẹ̀lú Git, irú èyí tí à ń fi MkDocs, Sphinx tàbí Docusaurus kọ́, òǹkàwé náà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì níbi tí kóòdù wà, kó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, kó fi pull request (ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé) ránṣẹ́, kó sì dúró dìgbà tí ẹnìkan yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń kọ kóòdù kò rí ohun tó nira nínú èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹlò lásán ni yóò pa bráúsà rẹ̀ dé, tí àṣìṣe náà yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí i.

Nísinsìnyí, ẹ yí àpẹẹrẹ náà padà. Ẹnìkan kọ àṣẹ kan fún tẹ́míìnà (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), àṣẹ tó lè pa fáìlì òǹlò rẹ́ bí wọ́n bá lò ó níbi tí kò yẹ. Wíkì gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀, ó sì lè ṣe ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọ̀nà Git ìbá ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá fara balẹ̀. Èyí ni pé wíkì ń yẹ ọ̀rọ̀ wò lẹ́yìn tó ti jáde, Git sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Àwọn méjèèjì nílò olùyẹ̀wò. Bí olùyẹ̀wò kò bá sí, wíkì yóò kún fún àṣìṣe, ọ̀nà Git yóò sì kún fún pull request tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, èyí tó ń ba ọkàn ẹni tó fẹ́ ṣe ìrànwọ́ jẹ́ ju kí a má ti pè é rárá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ni Git ti borí pátápátá. Bí sọ́fítíwíà yín bá ní ẹ̀dà mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ṣì ń lò papọ̀, ìwé tó wà pẹ̀lú kóòdù máa ń bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lórí èyí àtijọ́ yóò ka ohun tó bá tirẹ̀ mu. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni wíkì ní fún gbogbo wọn. Ọgbọ́n tí ArchWiki ń lò ni àwọn àdàkọ ìkìlọ̀ tí òǹkàwé lè lẹ̀ mọ́ orí ìpínrọ̀ kan láti sọ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti di àtijọ́ tàbí pé òtítọ́ rẹ̀ ń kọni lóminú. Ọgbọ́n náà wúlò gidigidi, nítorí pé ó fún ẹni tó rí àṣìṣe ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdáhùn ní ohun tó lè ṣe. Síbẹ̀, Arch Linux kì í ní ẹ̀dà púpọ̀ tó ń rìn papọ̀, àtúnṣe rẹ̀ kàn ń ṣàn wọlé ni, nítorí náà ìṣòro yìí kò le fún wọn tó bó ṣe lè le fún yín.

Wíkì tó bá ibùdó kóòdù wá

Èyí tó wà lára GitHub ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ lò, nítorí pé kò sí ohun tí a ń gbé kalẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré: ibi ìpamọ́ Git tó dá dúró ni wíkì kọ̀ọ̀kan jẹ́, ènìyàn sì lè kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú git clone, kó kọ̀wé sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì dá a padà. Ṣùgbọ́n pull request kò sí fún wíkì náà. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Git ló wà lábẹ́ rẹ̀, àyẹ̀wò tí Git ń mú wá kò sí níbẹ̀. Bí ẹ ṣe bá a, àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí ẹ ti fún láṣẹ nìkan ló lè kọ ọ́. Ẹ lè ṣí i fún gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì GitHub bí ẹ bá fẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ìdẹkùn wà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń yàn fara balẹ̀ kà á. Ìlànà GitHub ni pé àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google kò ní kó wíkì kan sínú àwárí wọn àfi bí iṣẹ́ náà bá ní ìràwọ̀ 500 (àmì tí àwọn òǹlò GitHub fi ń sọ pé iṣẹ́ kan wù wọ́n) ó kéré tán, tí wọ́n sì ti ti wíkì náà mọ́ àwọn ará ìta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ kí àwùjọ lè kọ ọ́, àwùjọ kan náà kò ní rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá ìdáhùn, bí iṣẹ́ yín bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní hàn nínú àwárí yálà ẹ ṣí i tàbí ẹ tì í. Wọ́n ń dènà àwọn tó ń fi spam (ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè) kún wíkì ni, mo sì mọrírì ìdí náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹlò kì í wá ìmọ̀ láti ojú-ewé àkọ́kọ́ wíkì. Wọ́n máa ń lẹ ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ẹ̀rọ fún wọn mọ́ inú àpótí àwárí ni. Nítorí náà, fún àkọsílẹ̀ inú ilé láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù, wíkì yìí tó, ó sì rọrùn. Fún wíkì àwùjọ, èmi kò ní yàn án.

GitLab, ibùdó kóòdù mìíràn, súnmọ́ ọn: wíkì tirẹ̀ náà jẹ́ ibi ìpamọ́ Git, ẹni tí ẹ bá sì ti fún ní ipò ẹni tó ń kọ kóòdù (Developer) nínú iṣẹ́ náà ló lè kọ̀wé sí i, ohun tó mú kó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

MediaWiki àti DokuWiki

Bí ẹ bá ti pinnu pé wíkì tó ṣí sílẹ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú-ewé jáde fún òǹkàwé) tiyín ni ẹ fẹ́, àwọn méjì yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé sára wọn. PHP ni wọ́n fi kọ méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ọjọ́ wọn sì ti pẹ́: MediaWiki wá láti inú iṣẹ́ Wikipedia ní ọdún 2002, Andreas Gohr sì gbé DokuWiki jáde ní ọdún 2004.

Ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ sí ló kọ́kọ́ yà wọ́n. MediaWiki ń lo àká dátà (database), MariaDB tàbí MySQL ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé e ró, nítorí náà ẹnìkan láàárín yín gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú àká dátà, bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń gbé wíkì láti ẹ̀dà kan bọ́ sí òmíràn. DokuWiki kò ní àká dátà rárá. Fáìlì lásán ni ojú-ewé kọ̀ọ̀kan nínú fódà kan tí wọ́n ń pè ní pages, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sì wà nínú òmíràn tí wọ́n ń pè ní attic. Bí sáfà bá bàjẹ́, ẹni tó bá ní ẹ̀dà fódà náà lè fi ohun ìkọ̀wé tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka gbogbo wíkì. Fún ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ sáfà, ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ yan DokuWiki.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún yà wọ́n. DokuWiki ti ní ètò tó ń sọ ẹni tó lè ka apá kan àti ẹni tó lè kọ ọ́. Àwọn tó ṣe MediaWiki sọ ọ́ gbangba pé wọn kò kọ́ ọ láti fi ojú-ewé kan pamọ́ fún àwọn kan kí a sì fi hàn fún àwọn mìíràn. Bí ẹ bá ní ohun tí gbogbo ayé kò gbọdọ̀ rí, ẹ má ṣe gbé e síbẹ̀.

Àmọ́ bí wíkì ṣe ń dàgbà, MediaWiki máa ń fi ọ̀nà jíjìn síwájú. Àdàkọ rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ kọ ìkìlọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì hàn lórí ọgọ́rùn-ún ojú-ewé, kí ẹ sì tún gbogbo wọn ṣe láti ibì kan ṣoṣo. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìjiyàn lórí ìpínrọ̀ kan kò ní sọnù sínú ìwé ìránṣẹ́. VisualEditor sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ àmì ìkọ̀wé wíkì lè kọ̀wé bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ohun tó wú mi lórí jù ni àfikún tó ń jẹ́ Translate, èyí tí KDE, àwùjọ kan tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ń lò fún wíkì àwọn òǹlò rẹ̀. Ó ń pín ojú-ewé sí ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, bí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ bá sì yí padà, ó ń fi ìpínrọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti di àtijọ́ han olùtumọ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tọ́jú ìtọ́sọ́nà kan ní èdè méjì láìsí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èdè kejì kì í pẹ́ tó fi ń parọ́ fún àwọn tó ń kà á.

Bí ẹ bá yan MediaWiki, ẹ̀dà onítọ̀ọ́jú pípẹ́ ni kí ẹ mú, irú bíi 1.43 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tún àlàfo ààbò irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ kò sì ní láti máa sáré lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dà tuntun. BookStack, tó ń to ojú-ewé sínú ìwé, tó sì ń to ìwé sórí pẹpẹ, rọrùn lójú ju àwọn méjèèjì lọ, ó sì yẹ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ìtọ́sọ́nà tó wà létòlétò. Mo kàn ń rò pé ètò tó le bẹ́ẹ̀ máa ń dá àjèjì dúró, nítorí pé kò mọ inú ìwé wo ló yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹnu ọ̀nà

Wíkì tó ṣí sílẹ̀ yóò rí spam. Kò sí àní-àní níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹni tí kò ní àkáǹtì kọ̀wé, ẹ ó máa nu ìpolówó kúrò láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá sì ní kí alábòójútó fọwọ́ sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ti pàdánù ẹni tó fẹ́ tún orúkọ fáìlì kan ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè tí òǹlò sọ́fítíwíà yín nìkan lè dáhùn ló wà láàárín méjèèjì. ArchWiki ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì pé kó ṣe àṣẹ kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú pacman, ohun èlò tí Arch fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì kọ èsì tó bá rí. Òǹlò gidi yóò ṣe é láìdúró, rọ́bọ́ọ̀tì kò sì ní ọ̀nà tó rọrùn láti gbà á kọjá. Àfikún ConfirmEdit nínú MediaWiki ń jẹ́ kí ẹ kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fúnra yín, mo sì fara mọ́ ọn ju àwòrán lẹ́tà wíwọ́ lọ, nítorí pé àwòrán yẹn ń lé àwọn tí kò ríran dáadáa padà.

Ìtọ́jú sọ́fítíwíà wíkì fúnra rẹ̀ tún jẹ́ apá kan ẹnu ọ̀nà. Ní òpin ọdún 2012, àwọn kan gba inú àlàfo kan nínú MoinMoin, sọ́fítíwíà wíkì mìíràn, wọ orí sáfà wíkì èdè kóòdù Python, wọ́n sì pa àwọn fáìlì wíkì náà rẹ́. Debian, oríṣi Linux mìíràn tó ń lo MoinMoin nígbà náà, pẹ̀lú ní láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wíkì rẹ̀ di aláìwúlò. Nígbà tí ìtọ́jú Python 2, èdè tí wọ́n fi kọ MoinMoin, parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2020, MoinMoin 1.9 kò lè ṣiṣẹ́ lórí Python 3, àwọn tó wà lórí rẹ̀ sì há sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún ń ṣe mọ́. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ lọ wo ọjọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹ́yìn jáde, kí ẹ sì ka iye ènìyàn tó ń kọ kóòdù rẹ̀.

Ìwé àṣẹ àti ọ̀nà àbájáde

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ yan ìwé àṣẹ tí ọ̀rọ̀ inú wíkì yóò wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ kò ní rí gbogbo àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wikipedia fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ GFDL, ìwé àṣẹ tí Free Software Foundation kọ. Kó tó lè bọ́ sí CC BY-SA (ìwé àṣẹ Creative Commons tó gba àtúnlò láyè bí a bá dárúkọ òǹkọ̀wé, tí a sì fi iṣẹ́ tuntun sábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà) ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, Free Software Foundation ní láti gbé ẹ̀dà tuntun GFDL jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008 pẹ̀lú ìlànà tó yọ̀ǹda ìyípadà náà. Kò sí ẹni tí yóò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wíkì tiyín. CC BY-SA bá ọ̀rọ̀ kíkọ mu. Fún àwọn àpẹẹrẹ kóòdù tó wà láàárín rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere pé wọ́n wà lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà pẹ̀lú sọ́fítíwíà, kí ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ìlà mẹ́wàá má bàa dá wàhálà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé kò tó; ẹ wo èyí tí ẹ ó gbà jáde. Láti GitHub, git clone ni. Láti DokuWiki, ẹ̀dà fódà kan ni. MediaWiki ń kó ọ̀rọ̀ àti ìtàn àtúnṣe jáde sínú fáìlì XML, ṣùgbọ́n àwòrán kò sí nínú rẹ̀, fódà images sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kó lọ́tọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ibùdó tó ń gba wíkì àwọn ẹlòmíràn sílé ló le jù: nígbà tí àwọn tó ń kọ wíkì eré kọ̀ǹpútà Minecraft fi Fandom, ọ̀kan lára irú ibùdó bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìwé àṣẹ gbà wọ́n láyè láti kó ọ̀rọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí Fandom lẹ́yìn wọn. Kí ẹ tó kéde wíkì yín fún àwùjọ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e ró lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí ojú-ewé mẹ́ta tó ní àwòrán, kí ẹ sì kọ wákàtí tó gbà yín sínú ojú-ewé àwọn alábòójútó.